Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Phrasal Verb Tó Bẹ̀rẹ̀ Pẹ̀lú “Put” Kí Ẹ Má Sì Ṣì Wọ́n Lò

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òǹkàwé láti Kubwa àti Nyanya ní Abuja, Kàdúná àti Sabon Gari ní Kánò kò yé bi mí: báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ohun tí “put off”, “put out” tàbí “put up with” túmọ̀ sí, nígbà tó jẹ́ pé “put” tí gbogbo wa kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ju pé kí a fi nǹkan sí ibì kan lọ? Àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ló ń béèrè jù, wọ́n sì jàre, nítorí pé 60 nínú ìbéèrè 180 tí JAMB ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí wọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń béèrè, torí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kún inú fáìlì tí wọ́n ń gbé láti tábìlì kan dé òmíràn. “Put” nìkan ni mo mú nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tú un palẹ̀ yóò lè gba ọ̀nà kan náà kọ́ “take”, “get”, “look” àti “turn”.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Phrasal verb ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a so mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan tàbí méjì, irú bíi “on”, “off”, “up”, “out”, “away” tàbí “with”, tí àpapọ̀ wọn sì sábà máa ń ní ìtumọ̀ tí a kò lè rí bí a bá tú wọn sí wẹ́wẹ́. Kò yẹ kí èyí ba ọmọ Yorùbá lẹ́rù. Èdè wa kún fún ọ̀rọ̀-ìṣe alápá méjì tí àbọ̀, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí ìṣe náà kàn (“object”), máa ń bọ́ sí àárín wọn. A ń sọ pé “ó ba ọkọ̀ náà jẹ́”, “ó tàn mí jẹ”, “ó fi owó náà pamọ́”. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé “ó bàjẹ́ ọkọ̀ náà” tàbí “ó tànjẹ mi”. Ibi tí àbọ̀ ń bọ́ sí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì, ìgbésẹ̀ kẹta sì dá lé e lórí.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé “put” kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ti òní tàbí ti àná: “I put it away every night”, “I put it away yesterday”, “I have put it away”. Kò sí “putted” nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá fi “-ing” kún un, “t” á di méjì: “putting”.

## Ìgbésẹ̀ márùn-ún

1. Ẹ yan ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtòkọ gígùn tí wọ́n ń tà ní ìwé pẹlẹbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, nínú èyí tí “put”, “break” àti “call” ti wà pọ̀ ní àdàlù. Mẹ́wàá péré tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sì kọjá sí ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn títí tí ẹ ó fi lè lo wọn láìwo ìwé.

2. Ẹ kọ gbólóhùn tó jẹ mọ́ ayé tiyín. Ẹ pín ojú ìwé sí mẹ́ta: ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, àti gbólóhùn kan tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. “Our landlord in Lugbe has put up the rent” yóò pẹ́ lọ́kàn yín ju gbólóhùn tó ń sọ nípa yìnyín ìlú Lọ́ńdọ̀nù lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ mẹ́ta, ẹ fún un ní ìlà mẹ́ta. Ẹ má kó wọn sínú ìlà kan.

3. Ẹ fi “it” tàbí “them” rọ́pò àbọ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí àbọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀nà méjì ló wà: “They put off the meeting” tàbí “They put the meeting off”. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, àárín nìkan ni ààyè rẹ̀: “They put it off”. “They put off it” kò tọ̀nà rárá. Bí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ rántí “wọ́n sún un síwájú”: àárín náà ni àwa pẹ̀lú ń fi “un” sí. Nígbà tí àbọ̀ bá gùn gan-an, ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn, kí ẹni tó ń kà á má baà gbàgbé “put” kó tó dé “off”: “They put off the meeting that the director called for Monday morning”. Àwọn ọ̀rọ̀ alápá mẹ́ta bíi “put up with” àti “put in for” kì í yà sí méjì láéláé, ìbáà jẹ́ arọ́pò-orúkọ ni àbọ̀ wọn: “I cannot put up with it”.

4. Ẹ wo ìwé atúmọ̀ èdè, kí ẹ sì mọ àmì inú rẹ̀. Nínú Longman tàbí Oxford tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣí “put”, ẹ kọjá ìtumọ̀ rẹ̀ lásán, kí ẹ lọ sí ibi tí wọ́n to àwọn phrasal verb sí. “Sb” dúró fún ènìyàn, “sth” dúró fún nǹkan. Ọfà olórí méjì, ↔, ń sọ pé àbọ̀ lè wà ní àárín tàbí ní ìkẹyìn. Bí wọ́n bá kọ àbọ̀ sí àárín láìsí ọfà, bíi “put sb through sth”, àárín náà ni kí ẹ fi ẹni náà sí. A lè rí àwọn ìwé méjèèjì lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti gbára lé àtòkọ tí a kò mọ ẹni tó kọ ọ́.

5. Ẹ pè é sókè. Nínú “put it off” àti “put it away”, ọ̀rọ̀ kékeré tó gbẹ̀yìn ni ohùn máa ń tẹ̀ mọ́, kì í ṣe “put”. Àwa tí èdè wa ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ sábà máa ń pe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú agbára kan náà, ìyẹn sì ni ìbéèrè nípa ìtẹmọ́ ohùn fi máa ń ṣòro fún wa. Bí ó bá di ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi “a put-down”, ìtẹmọ́ náà á padà sórí “put”.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kékeré nìkan méfò ìtumọ̀. “Up” kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òkè, “out” kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìta.

## Mẹ́wàá tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀

### Put on

Nínú Yorùbá, a ń wọ aṣọ, a ń dé fìlà, a ń wé gèlè, a ń kun àtíkè, a sì ń fín lọ́fínńdà sára. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo èyí sábẹ́ “put on”: “He put on his cap”, “She put on her headtie”, “She put on some powder”. Àwọn ọmọ wa tó dàgbà sí Kánò tàbí Kàdúná, tí wọ́n ń gbọ́ Hausa lójú pópó, kì í rí èyí bí ohun àjèjì, nítorí pé “sa” kan náà ni àwọn Hausa ń lò fún ẹ̀wù, fìlà àti bàtà.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé “ó wọ aṣọ funfun” tiwa lè túmọ̀ sí pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé aṣọ wọ̀, ó sì lè túmọ̀ sí pé aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. “Put on” ni ìṣe gbígbé e wọ̀. “Wear” ni wíwà tí ó wà lára. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ “The bride is putting on a white gown” ń sọ pé ìyàwó ṣì wà nínú yàrá, ó ń múra lọ́wọ́. Bí ìyàwó bá ti ń jó níwájú àlejò, “is wearing” ni. Kò sí àṣìṣe tí mo ń rí nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ tó èyí.

A tún ń lò ó fún iná, fáànù àti rédíò: “Put on the fan”. A ń lò ó fún ẹni tó sanra sí i: “He has put on weight since he moved to Abuja”. A sì ń lò ó fún eré orí ìtàgé: “The youths put on a play at Christmas”.

### Put off

Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí a sún nǹkan síwájú. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá tẹ̀ lé e, “-ing” ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn rẹ̀: “Don’t put off registering”, kì í ṣe “put off to register”. Ìtumọ̀ kejì ni pé kí nǹkan mú ọkàn ènìyàn kúrò lórí ohun tó ń fẹ́: “The smell of the gutter put me off my food”.

Ní ti iná, ẹ ó gbọ́ “put off the light” níbi gbogbo, àwọn ìwé atúmọ̀ èdè kan sì gbà á wọlé. Síbẹ̀, “turn off” tàbí “switch off” ni kò ní àríyànjiyàn nínú ìdánwò.

### Put out

Pípa iná tó ń jó, àbẹ́là tàbí sìgá ni: “The neighbours put out the fire”. Bí ó bá kan ènìyàn, ó di ìnira: “I hope my visit won’t put you out”. “She was put out” sì túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tí wọ́n ṣe sí i.

### Put up

Ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀, ẹ mú un díẹ̀díẹ̀:

- kíkọ́ ògiri tàbí pípa àgọ́: “They put up a fence”;
- lílẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ògiri: “Put up the notice near the gate”;
- fífi owó lé nǹkan: “Drivers on the Nyanya road have put up the fare”;
- gbígba àlejò sílé fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá wá yanjú ọ̀rọ̀ ní orílé-iṣẹ́ JAMB ní Bwari, tí kò sì ní ibi tí yóò sùn, lè bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé: “Can you put me up till Friday?”

Ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n tún máa ń ní kí òṣìṣẹ́ “put up a memo”, ìyẹn ni pé kó kọ ọ́, kó sì gbé e lọ síwájú ọ̀gá.

### Put up with

Fífara da nǹkan ni: “I can’t put up with the noise of that generator”. Bí “with” bá jábọ́, ìfaradà náà ti lọ nìyẹn. Gbólóhùn náà á di ọ̀rọ̀ kíkọ́ ògiri tàbí ti owó ilé.

### Put away

Dídá nǹkan padà sí ààyè rẹ̀ ni: “Put away your books”. Ó tún lè jẹ́ fífi owó pamọ́ de ọjọ́ iwájú, ó sì lè jẹ́ fífi ọ̀daràn sẹ́wọ̀n: “The judge put him away for ten years”.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ti mọ̀ ọ́n, àfi bí ẹ kò bá fura. “P.A.” tí ọ̀gá máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé nínú fáìlì, “put away” ni: ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ dá fáìlì padà sí ibi ìpamọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni “B.U.”, ìyẹn “bring up”, tó ń béèrè pé kí wọ́n tún gbé fáìlì náà wá ní ọjọ́ tí a dá. “Bring up” pẹ̀lú, phrasal verb ni.

### Put down

Gbígbé nǹkan sílẹ̀, kíkọ orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bíbu ènìyàn kù lójú àwùjọ, àti títẹ ọ̀tẹ̀ rì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn. “We had to put the dog down” kò sọ pé ẹ gbé ajá náà sílẹ̀. Ó ń sọ pé dókítà ẹran pa á nítorí àìsàn tí kò ní ìwòsàn. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ará òkè òkun tó fẹ́ràn ajá, kó rò ó dáadáa.

### Put through

Lórí fóònù, síso ẹni tó pè mọ́ ẹni tó ń wá ni: “Please put me through to the Accounts Department”. Ó tún jẹ́ rírán ènìyàn ní ilé ìwé títí dé òpin: “She put three children through university by selling cloth in Wuse Market”. Ó sì lè jẹ́ kíkó ènìyàn sínú ìyà: “They put us through a lot of trouble”. Àárín ni ẹni náà máa ń wà nínú gbogbo wọn.

### Put forward

Gbígbé ìmọ̀ràn tàbí orúkọ ẹnìkan kalẹ̀ fún àwùjọ láti gbé yẹ̀wò: “The union put forward two names”.

### Put in for

Kíkọ ìwé béèrè fún nǹkan, pàápàá ìsinmi tàbí ìgbésípò: “He has put in for a transfer to Kaduna”. Kì í yà sí méjì.

## Àwọn tí a ti sọ di tiwa

Àwọn ìlò kan wà tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́, tí mi ò sì rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí a bá ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Nínú ìdánwò, tàbí nínú lẹ́tà sí ẹni tí kò gbé ibí rí, ẹ yẹra fún wọn.

- “She has put to bed.” Níbí, ó ti bímọ ni. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, ènìyàn lè “put a child to bed”, ìyẹn ni pé kó tẹ́ ọmọ sùn, wọn yóò sì máa dúró kí ẹ dárúkọ ẹni tí ó tẹ́ sùn. Ẹ kọ “She has had a baby” tàbí “She has given birth”.
- “Please put me through”, nígbà tí ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún jẹ́ pé kí ẹnìkan kọ́ yín ní iṣẹ́. Ẹ kọ “Please show me how to do it”.
- “I put up at Kubwa”, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ilé yín. “Put up at” jẹ mọ́ ibùwọ̀ ọjọ́ díẹ̀, bí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ kọ “I live in Kubwa”.
- “On the gen” àti “off the light”. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló sọnù. Ẹ dá a padà: “put on the generator”, “turn off the light”.

## Bí lẹ́tà bá jẹ́ ti iṣẹ́

Púpọ̀ nínú phrasal verb ni wọ́n ń lò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ju inú ìwé àṣẹ lọ. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà, “postpone” lè rọ́pò “put off”, “tolerate” lè rọ́pò “put up with”, “extinguish” lè rọ́pò “put out”, “propose” lè rọ́pò “put forward”, “apply for” sì lè rọ́pò “put in for”. Àrọ́pò kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún ìtumọ̀ kan ṣoṣo: a lè “postpone” ìpàdé, ṣùgbọ́n òórùn kò lè “postpone” ènìyàn. Ní ti “put on” aṣọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé “don” tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu ènìyàn.

Kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

- Ṣé arọ́pò-orúkọ wà ní àárín?
- Ṣé ọ̀rọ̀ alápá mẹ́ta ṣì pé mẹ́ta?
- Ṣé “-ing” ló tẹ̀ lé “put off”?
- Ṣé ìṣe gbígbé aṣọ wọ̀ ni ẹ ń sọ, tàbí wíwà lára?

## Ẹ dán ara yín wò

Ẹ tún gbólóhùn wọ̀nyí ṣe kí ẹ tó wo ìdáhùn.

1. The fire is small. Put out it now.
2. He was putting on a blue kaftan throughout the wedding.
3. How do you put up your neighbour’s noise?
4. They have put off to travel to Minna.
5. My aunt put to bed on Sunday.

Ìdáhùn:

1. “Put it out now.” Arọ́pò-orúkọ ni “it”.
2. “He was wearing a blue kaftan throughout the wedding.” Aṣọ ti wà lára rẹ̀.
3. “How do you put up with your neighbour’s noise?”
4. “They have put off travelling to Minna.”
5. “My aunt had a baby on Sunday.” Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni ẹ̀gbọ́n ìyá yín tẹ́ sùn, “My aunt put the baby to bed” ni ẹ ó kọ.